Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Dá Padà Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù náà padà, Rọ̀kíbátù rò pé òórùn ló fà á. Abẹ́ àtíbàbà tó ti ń yan ẹja ní Ìlàjẹ ni fọ́ọ̀mù náà sùn mọ́jú, kò sì sí ohun tó sùn síbẹ̀ tí kì í gbóòórùn ẹja. Tíṣà Adébọ̀dé fi ìka méjì gbé e.

Aago mẹ́rin ni Rọ̀kíbátù máa ń dé ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Ladi-Lak, nígbà tí àwọn ọmọ aláṣọ búlúù bá ń tú jáde, tí wọ́n ń ti ara wọn lu géètì. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù: Sáyẹ́ǹsì, Áàtì, Kọmáṣà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kíláàsì àgbà yóò fi àmì sí ọ̀kan.

"Ìyá Fareedah, kì í ṣe òórùn," ni tíṣà wí. "Sáyẹ́ǹsì lẹ fi àmì sí. Kọmáṣà ni mo ní kí ẹ mú."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní kí n mú un?"

"Ẹlẹ́ja ni yín. Ọjà títà ti wà nínú ilé, kò sí ohun tó máa ṣòro níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré, ìwé mẹ́wàá ti parí. Kí lẹ fẹ́ fi físíìsì ṣe?"

Tíṣà yìí kò ju ọmọ tí Rọ̀kíbátù lè bí lọ, ṣùgbọ́n kò pè é ní ìwọ rí. Ó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ká a sínú gèlè, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Oyèbísí, tí wọ́n jọ ń yan ẹja, ti ń rẹ́rìn-ín kó tó jókòó.

"Rọ̀kí, wọ́n tún lé ọ?"

"Wọ́n lé mi."

"Kí lo fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì ṣe gan-an? Mú Kọmáṣà, jàre, ká rójú yí ẹja. Èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ ti ń jóná."

"Ọdún tí Adéjìmí kú, wọ́n kọ nǹkan sára káàdì rẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka, mo tẹ̀ka. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó pa ọkọ mi."

"Sáyẹ́ǹsì ò ní jí Adéjìmí."

"Ta ló ní kó jí i? Kí ẹnì kan ṣáà lè ka káàdì nínú ilé wa."

Fareedah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Igbóbì dé. Ó ti bọ́ sálúbàtà funfun rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí eérú má bàa bà á, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká mú Kọmáṣà yẹn. Físíìsì le. Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ìwọ, panu dé. Ẹni tí kò fẹ́ kàwé ló ń le fún."

Fareedah pòṣé, àmọ́ kò jẹ́ kó dún. Ó wo ara ògiri. Páálí ẹja dídì ni wọ́n kàn mọ́ ọn, wọ́n sì ti fi èédú kọ ìṣirò kún ẹ̀yìn wọn bámúbámú. Rọ̀kíbátù ti kìlọ̀ fún gbogbo abẹ́ àtíbàbà pé ẹni tó bá fi páálí kan dáná nínú wọn, òun á fi onítọ̀hún dáná.

Ìgbà kejì, máàkì ni wọ́n sọ. Àádọ́ta ni sáyẹ́ǹsì ń gbà nínú ìṣirò. Méjìdínláàádọ́ta ló wà nílẹ̀.

"Tìtorí méjì?"

"Ìyá Fareedah, ìdánwò ni. Kì í ṣe ẹja tí ẹ ó ní kí n fi èènì sí."

"Mi ò tọrọ èènì. Ẹ tún un wọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Tí tíṣà bá jáde lọ tọ̀, á bá a níbẹ̀; tó bá padà, á tún bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà gbé ọwọ́ sókè.

"Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sí òmíràn."

Ní Ọjọ́bọ̀, Rọ̀kíbátù ò dáná ẹja. Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ náà.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé òǹtẹ̀. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

"Kò sẹ́ni tó buwọ́ lu ibí yìí. Bàbá ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Ìyá ńkọ́?"

"Tíṣà, ẹ bi mí ní ọ̀rọ̀ gidi."

Tíṣà họ orí. "Ẹ má bínú. Èmi gan-an mọ̀ pé kò bójú mu, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò ní gbà á láìsí ìbuwọ́lù alágbàtọ́. Ẹ gbé e lọ sílé."

Ó gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́rin tó lù, ó ju fọ́ọ̀mù náà sórí ẹsẹ̀ Fareedah.

"Gbà. Fọwọ́ sí i, kí n ríran."

Fareedah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ní Igbóbì, tó ti féèlì físíìsì lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ìwé sílẹ̀, kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àyè alágbàtọ́, ó nu eérú kúrò lórí ìwé náà, ó sì nà án sí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú báàgì ìwé ìyá náà, kí ìyá má bàa pẹ́ dé kíláàsì ìrọ̀lẹ́.