Ẹsẹ Karùn-ún

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Láṣebìkan ọkọ rẹ̀, Moróunkẹ́jì lọ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ó ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kò tíì sunkún. Ara rẹ̀ kàn kú ni.

Orin tí wọn yóò kọ lọ́la ni èyí tí ajíhìnrere àkọ́kọ́ ìlú náà ṣe láyé ijọ́un, lẹ́yìn tí ìgbóná pa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ mẹ́rin ló ní nínú ìwé orin. Ní òpin ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, Moróunkẹ́jì ń gbọ́ bí ẹni ń mí sínú, bí akọrin tó fẹ́ gbé orin. Ó tẹ ẹ́ tán, ó gbọ́wọ́ kúrò.

Ohùn ọkùnrin kan gbé ẹsẹ karùn-ún láti ìjókòó ẹ̀yìn.

Moróunkẹ́jì fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn pa. Síbẹ̀, ẹ̀rù kò bà á. Ó gbọ́wọ́ padà sórí dùùrù, ó ń bá ohùn náà lọ. Orúkọ ọmọ mẹ́ta ni ohùn náà fi ń kọrin: Dọ́káàsì, Sílà, Ẹ́líṣà. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bi í pé:

"Ọmọ mi, ta ni tìrẹ?"

"Ọkọ mi ni, Baba. Láṣebìkan."

Ohùn náà fi orúkọ yẹn parí orin, ó sì bá a mu régí. Ìjókòó ẹ̀yìn dún bí ìgbà tí ènìyàn bá dìde. Moróunkẹ́jì kò wẹ̀yìn. Omi ń kán sí ọwọ́ rẹ̀. Ó wòkè bóyá òrùlé ló ń jò, kí ó tó mọ̀ pé ojú òun ni.