Òòfà Oríire Alárenà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, torí ibi tó dun èèyàn jù wà nísàlẹ̀.

Obìnrin onímọ̀ kẹ́mísírì kan wà tí wọ́n ń pè ní Alárenà. Ẹ ṣáà mọ alárenà: òun ló ń mú ọkọ àti ìyàwó mọra wọn, tí wọ́n bá fẹ́ra tán, á gba ilé ẹ̀ lọ. Bí nǹkan tó ń lò nínú ìgò ṣe ń ṣe nìyẹn. Á mú èròjà méjì tí kì í wojú ara wọn so pọ̀ di oògùn, òun fúnra ẹ̀ ò ní dà mọ́ wọn. Obìnrin yìí mọ iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu! Bó bá wo àwọ̀ omi inú ìgò lásán, á sọ ohun tó ń ṣe é fún yín.

Irin olówó gọbọi ni wọ́n máa ń lò fún ìsopọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìyẹ̀fun olówó pọ́ọ́kú kan dípò irin náà, àfi bí èròjà méjèèjì ṣe so pọ̀. Ó pariwo, ó jó yí tábìlì ká. Oògùn á di ohun tí tálákà lè rà!

Àmọ́ òòfà kékeré kan wà tó máa ń jù sínú ìgò láti fi ro omi ibẹ̀, ẹ̀rọ abẹ́ ìgò ló ń yí i. Ike funfun ni wọ́n fi bò ó, ó sì ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òòfà oríire ló ń pè é. Kò lo òmíràn, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àbúrò kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, onímọ̀ kẹ́mísírì lòun náà, wò ó títí.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká fi òòfà tuntun tún un ṣe ká tó kéde. Dúdú ara eléyìí ò yé mi. Irin tá a lò tẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀."

"Ìwọ? Tó jẹ́ àná lo dé ìdí ìgò! Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ."

"Ẹ má bínú, mà, mo kàn ní ká…"

"Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú. Kó ẹrù ẹ!"

Ẹ gbọ́ mi o, ìmọ̀ràn kan péré ni. Ọmọ náà sunkún jáde.

Alárenà kéde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ilé iṣẹ́ oògùn kan gba ọ̀nà ẹ̀, wọ́n da èròjà sínú àgbá ńlá, wọ́n rò ó títí, pàbó! Alárenà ní wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Nígbà tí omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó fi òòfà tuntun rò ó. Kò sí nǹkan kan. Ó wá ju òòfà oríire sínú ìgò yẹn kan náà. Kò pẹ́, èròjà méjèèjì so pọ̀. Yéè! Irin olówó gọbọi ti wọ ara ike yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Irin ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun ló ń gba ọpẹ́.

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ọkọ ẹ̀ ní, "Bó o bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi á mọ̀," ó dáhùn. "Àwọn aláìsàn ń retí oògùn, bàbá àwọn ọmọ mi."

Ó dìde níwájú àwọn ojúgbà ẹ̀, ó ní, "Mo ṣìnà. Ẹ má tẹ̀lé mi mọ́." Ẹ jẹ́ ká fún un ní tiẹ̀, akin lobìnrin náà! Mo bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Síbẹ̀, wọ́n ti yàrá iṣẹ́ ẹ̀ pa, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì fọ́n ká.

Ó pe àbúrò yẹn lórí fóònù. "Ìwọ lo sọ òótọ́. Jọ̀ọ́, padà wá, ká jọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn."

"Mo ti dárí jì yín, ọ̀gá mi. Àmọ́ látọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fẹ́ béèrè nǹkan, àyà mi á já. Mo ti fi kẹ́mísírì sílẹ̀."

Alárenà gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Wọ́n lè fún un ní yàrá mìíràn lọ́la. Ọmọ yẹn ò ní padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ yín dunjú, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ohun tẹ́ ẹ bá ń pè ní oríire tẹ́ ẹ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yẹ̀ wò, ẹ ṣọ́ra fún un. Bí ẹni tó kéré sí yín bá sì sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó bínú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.