Àlá Ẹlẹ́ja

"Mo tún lálàá ẹja!" Ìyá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́ja fi ṣíbí lu tábìlì. "Níbí ní Jàmáíkà, ẹni bá lálàá ẹja, olóyún ló ń bọ̀. Ẹnìkan ti lóyún nínú ilé yìí. Ẹni yòówù kó jẹ́, kó yáa di ẹrù rẹ̀ kó jáde nílé mi!"

Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta wo ara wọn. Odette, àgbà wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja káàkiri Kingston, àlá ewúrẹ́ lẹ fẹ́ máa lá ni?"

Ẹlẹ́ja pòṣé, ó ṣí agbọ̀n ọjà rẹ̀. Òórùn ẹja tó ti ń gbọ́ láti ogún ọdún ṣàdédé rú u nínú, ló bá sáré lọ bì sídìí igi máńgòrò.

Nígbà tó fi padà wọlé, Odette ti gbé àpótí ìyá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, aṣọ wo ni ká kọ́kọ́ dì?"