Ọṣẹ Tó Kù Nínú Àtẹ

Ọjà kú ní òpópó ọlọ́ṣẹ nígbà tí wọ́n la títì tuntun gba ẹ̀yìn. Oníbàárà kì í yà síbẹ̀ mọ́. Ọlọ́ṣẹ jókòó, ọṣẹ jókòó, wọ́n ń wo ara wọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, kan ṣoṣo tó bí, ló ní kó gbé ọjà náà sórí fóònù. Iṣẹ́ ọmọ náà nìyẹn: ó ń ṣe péèjì fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, kí ojú ayé lè rí wọn. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́ṣẹ á nu ọwọ́, á tẹ fóònù, ohùn ọmọ á jáde.

"Ẹ kú àárọ̀, Màámi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya ọṣẹ ní fọ́tò, orí aṣọ kan náà ni kẹ́ ẹ máa tò ó sí, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé tiwa ni. Ẹ mú aṣọ ibùsùn mi tó ní àwọ̀ aró. Èmi ò lò ó mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sójú fèrèsé, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù."

"Aṣọ yẹn dára jù fún ọṣẹ," ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ kò dúró gbọ́. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn. Tirẹ̀ ló máa ń sọ délẹ̀. "Ọjọ́ tí ilé ìtura ńlá kan bá ra ọṣẹ láti orí péèjì yìí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́jọ́ náà. Kó má ṣáájú ọjọ́ náà o, Màámi."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni ọlọ́ṣẹ ṣe kọ́ fóònù.

Onídìrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Tí ohùn náà bá ti bẹ̀rẹ̀, á pa rédíò, á tẹjú mọ́ irun tó ń dì.

Oníbàárà àkọ́kọ́ kọ ọ́ sórí péèjì pé, "Èló ni?" Ọlọ́ṣẹ fèsì: "Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fi lá àlá?"

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọmọ ní, "Tí ẹnì kan bá béèrè iye, ẹ kí i kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Màámi, ẹ ti bú ẹnì kan, àbí ẹ ò tíì bú u?"

Ọlọ́ṣẹ àti onídìrí wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n.

"Ọmọ yìí mọ̀ yín bí ẹní mowó!" onídìrí wí. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tán. Ó jáde lọ sá táwẹ́ẹ̀lì.

Ọlọ́ṣẹ bẹ oníbàárà náà. Ó rà, ó sì mú ẹlòmíràn wá.

Ọjọ́ Ajé mìíràn, fídíò ló kàn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ yín nínú ọṣẹ. Ẹ má fi pamọ́ tìtorí pé ó le. Ọwọ́ yẹn ló rán mi níléèwé." Ó wúkọ́. Bàtà ẹnì kan ń dún kọ́ kọ́ kọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó kọjá lọ.

"Mu omi," ọlọ́ṣẹ wí.

"Ẹ má bínú, Màámi. Ó ti lọ báyìí. Níbo la dé?"

Fídíò ọwọ́ yẹn rìn jìnnà. Àwọn tí kò mọ òpópó náà rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wá. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wo péèjì, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló ń kọ́ yín? Onítọ̀hún mọ iṣẹ́."

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní kó wá ṣe tèmi náà."

Ọlọ́ṣẹ fi bébà di ọṣẹ rẹ̀. Ó tún mú bébà mìíràn, ó dì í lé e.

"Ẹ kúkú fi ẹyọ tó wà nínú àtẹ yẹn kún un."

"Ìyẹn kì í ṣe títà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹni tó bá tajà rẹ̀ tán pátá, kí ló máa fi pe òmíràn?"

Onídìrí rẹ́rìn-ín láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ má da ara yín láàmú, ará wa. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò ta ìgbẹ̀yìn rí. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan á wà níbẹ̀."

Ìgbà tó yá, ilé ìtura ńlá kan kọ̀wé sórí péèjì. Wọ́n ní àwọn rí aṣọ aró yẹn, àwọn rí ọwọ́ yẹn, àwọn fẹ́ ọṣẹ sí gbogbo yàrá. Ọkọ̀ wọn wá kó páálí lọ́jọ́ Ajé. Onídìrí jó dé ojú títì.

"Ìyá gbajúmọ̀! Ẹ má wá sọ pé ẹ ò mọ̀ wá mọ́ o!"

Ọkọ̀ lọ. Ọṣẹ kan ló kù nínú àtẹ. Onídìrí wọlé, ó pa rédíò.

"Ilé ìtura ti rà á," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn."

Ọlọ́ṣẹ nu ọwọ́. Ó mú fóònù, ó wò ó, ó sì tì í bọ àyà padà.

"Rárá."

"Ẹ̀yin náà! Gbogbo wàhálà yìí, ṣé kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni?"

"Ẹyọ kan ló kù," ọlọ́ṣẹ wí, ó sì fa àtẹ rẹ̀ kúrò lójú oòrùn.

Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ọmọ náà wà nígbà tó ń sọ àwọn ẹ̀kọ́ yẹn sínú fóònù ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ kan fún ọjọ́ Ajé kan, wọ́n sì ti sin ín kí ọlọ́ṣẹ tó tẹ́ aṣọ aró sójú fèrèsé fún fọ́tò àkọ́kọ́.