Ta Ló Ní Irú Ojú Yìí?

Ìyá ìkókó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó ti gbé ọmọ mọ́ àyà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìkókó, ẹ jókòó ná. Ọmọ kan kì í kúrò níbí láìjẹ́ pé a yẹ ojú rẹ̀ wò."

"Ó ń sùn, Nọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e wá."

Ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, rọra gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa kọ́tìnì, yàrá ṣú, ó tan iná kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ìkókó di ojú pinpin.

"Àná la bí ọ, o ti ń fojú pa mí rẹ́!" ni nọ́ọ̀sì wí.

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ojú ọmọ là, nọ́ọ̀sì tan iná náà sí i: ọ̀kan pọ́n bí ẹyin iná, bí ojú tó dá ṣe máa ń rí bí iná bá tàn sí i. Èkejì funfun báláú.

Nọ́ọ̀sì lọ pe dókítà. Dókítà yẹ ojú náà wò títí.

"Nǹkan funfun kan ló dí ẹyinjú ọ̀tún. Bí a bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, á ríran. Bí a bá fi falẹ̀, ojú náà lọ nìyẹn. Àmọ́ ó máa ń ti inú ẹbí wá nígbà mìíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ti òsì náà. Ta ló ní irú ojú yìí nínú ẹbí yín?"

"Kò sí lọ́dọ̀ tiwa," ìyàwó dáhùn. Òótọ́ ló sọ.

Dókítà yíjú sí ọkọ.

Ìyàwó mọ ẹnì kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún láti ìkókó. Ẹni náà ò sí nínú yàrá yẹn, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ilé rẹ̀ tú. Bó bá dákẹ́, ojú òsì ọmọ lè lọ. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

"Bàbá mi ni," ọkọ wí.

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú, Dókítà. Láti ìkókó ni wọ́n ti ṣe é fún un. Ẹ bá mi ṣe gbogbo ohun tó yẹ fún ọmọ mi."

Dókítà dúpẹ́, ó jáde lọ ṣètò iṣẹ́ abẹ. Ọkọ nu itọ́ ẹnu ọmọ, ó fún un mọ́ra. Ìyàwó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti rí gbẹ́nàgbẹ́nà náà he nígbà tó wà ní jòjòló. Kò mọ bàbá kankan rí láyé.