Ta Lẹ Lè Sá Tọ̀?

"Má wulẹ̀ kà á, ọmọ mi. Mo ti mọ gbogbo ìbéèrè yín lórí."

Bàbá Rótìmí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin olùwádìí tó jókòó níwájú wọn, ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún, ní Agége. Lọ́dún yìí nìkan, òun ni ẹni kẹta tí wọ́n rán wá. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́ sú àwọn olùwádìí.

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá. Ta lẹ lè sá tọ̀ bí òùngbẹ ọtí bá ń gbẹ yín?"

"Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí, ìyàwó mi ni mo dárúkọ. Ó ti kó jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní Oyèbọ́lá."

"Ọmọ yín ni?"

"Rárá o. Olùwádìí bíi tìẹ ni, òun ló máa ń jókòó síbi tó o jókòó sí yìí tẹ́lẹ̀. Á ra búrẹ́dì gbígbóná dání. Mi ò fẹnu kan ọtí jálẹ̀ ìgbà tó fi ń wá." Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé kí n dárúkọ tìẹ?"

Olùwádìí náà gbójú sílẹ̀. Ó ti ríṣẹ́ mìíràn sí Aláúsá. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rọra ti fóònù tó fi ń gba ìdáhùn sún mọ́ ọn.

"Kò burú. Kọ ọ́ pé kò sí."