Àkàlà Inú Koríko

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Àkàlà lásán ni," Sálíù, àbúrò ọdẹ náà, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kí ọ̀dá tó pa igbó Sáríà, àgbọ̀nrín oníwo gígùn nìkan ni ọdẹ náà ń kà sí ẹran. Lọ́dún yìí, ẹni tó bá pa ehoro ni wọ́n ń kí kú oríire.

"Ẹyẹ náà ṣeé sè," ó fèsì, ó sì ta ọfà.

"Wayyo Allah," ni àkàlà náà ké.

Wọ́n sáré débẹ̀. Ọdẹ Haúsá kan ló ti kú síbẹ̀. Ó so orí àkàlà mọ́ iwájú orí, kí ẹran má baà fura bó ṣe ń rákò bọ̀.

Ọdẹ náà kúnlẹ̀, ó ń tú okùn orí ẹyẹ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí fìlà lórí ọmọ tó sùn.